Ẹni Tó To Ìbọn àti Ẹni Tó Gbé E: Ìtàn Ìbọn Ọdẹ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́

Kò sí ìbọn nínú ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó. Ọdẹ ni Ògúnlọlá tó pàgọ́ sábẹ́ igi àjàgbọn ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ọdẹ sì ni àwọn tí wọ́n jọ dá ẹgbẹ́ Alọ́ńgọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọrun àti ọfà ló wà léjìká wọn. Ọfà náà ni ìtàn sọ pé Ògúnlọlá fi ṣẹ́gun Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tó ń da àwọn ọmọ ogun Aláàfin láàmú. Ẹ wá wo ọdẹ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, agbègbè Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, lónìí. Bí wọ́n bá ń ṣọdún Ògún, ìbọn ló ń dún. Bí ọdẹ àgbà bá kú, ìbọn ni wọ́n fi ń kéde rẹ̀, bí wọ́n bá sì ń ṣe ìṣípà fún un, ìbọn rẹ̀ wà lára irin iṣẹ́ tí wọ́n ń kó jọ kí wọ́n tó sun ìrèmọ̀jé. Nǹkan tí Ògúnlọlá kò ní ti wá di àmì tí a fi ń dá ọmọ rẹ̀ mọ̀. Bí ẹ bá bi ènìyàn pé báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀, èsì tó máa ń yá lẹ́nu ni pé òyìnbó gbé ìbọn dé etíkun, àwa náà sì rà á. Èsì yẹn kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ó fo ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí a rà lè jẹ́ ti ẹni tó tà á títí ayé. Ohun tí a tú palẹ̀, tí a wo inú rẹ̀, tí a fi irin tiwa dí ibi tó jẹ, tí a sì tún tò padà, ìyẹn ló ń di tiwa.

Èrò mi nìyí: ìbọn ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ wa ń gbé jẹ́ ìbọn tí wọ́n tò pọ̀ nílé, láti inú ẹ̀yà tó ti ọ̀nà jíjìn wá àti ẹ̀yà tí wọ́n rọ ní àgbẹ̀dẹ àdúgbò, ìtòpọ̀ yìí ló sì sọ ọ́ di iṣẹ́ ọwọ́ Yorùbá. Èmi ò wá sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é o. Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ nìyẹn, òfin sì wà lórí rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ibi tí ẹ̀yà ìbọn ti wá kọ́ ló ń sọ bóyá yóò jẹ́ ewu fún ìlú. Ohun tó ń sọ ọ́ ni bóyá ẹni tó tò ó mọ ẹni tó ń gbé e. Níwọ̀n ìgbà tí ojú alágbẹ̀dẹ bá ń pàdé ojú ọdẹ, ìbọn ní olùṣọ́. Nígbà tí ojú méjèèjì bá ti ya ara wọn, òun ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀, yálà Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe ìbọn ọ̀hún tàbí ẹ̀yìnkùlé ẹnì kan ní Ọ̀yọ́.

Ọ̀yọ́ Ilé, olú ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́, kò fi ìbọn di ńlá. Ẹṣin, ọ̀kọ̀ àti ọfà ni agbára Aláàfin, ilẹ̀ ọ̀dàn tó tẹ́jú ló sì fún ẹṣin láyè láti sáré. Robin Law, òpìtàn tó kọ̀wé lórí ìjọba Ọ̀yọ́ ní 1977, jẹ́ kó yé wa pé ìbọn kò kó ipa púpọ̀ nínú ogun Ọ̀yọ́ ní gbogbo ìgbà tí òkìkí rẹ̀ fi ń kàn. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ kó yani lẹ́nu, nítorí ìbọn kò wọ́n ní etíkun nígbà náà. Òpìtàn Joseph Inikori ṣírò rẹ̀ pé láàárín 1750 sí 1807, ìbọn tó ń wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́dọọdún wà láàárín 283,000 sí 394,000. Nígbà tí òyìnbó arìnrìn-àjò Hugh Clapperton wọ Ọ̀yọ́ Ilé ní oṣù kìíní ọdún 1826, ìlú náà ti ń mì, àwọn ológun Fúlàní Ìlọrin ti ń fínná mọ́ ọn, síbẹ̀ ẹṣin ni àwọn méjèèjì ṣì gbẹ́kẹ̀ lé. Ìsàlẹ̀, lápá ibi tí igbó ti nípọn, ni ìbọn ti kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ hàn láàárín Yorùbá. Àlùfáà Samuel Johnson, tó sìn nílùú Ọ̀yọ́ tó sì parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, kọ ọ́ pé nínú ogun Òwu, ìbọn tí àwọn Ìjẹ̀bú rà ní etíkun wà lára ohun tó tẹ Òwu, tí àwọn ọmọ rẹ̀ gbójú lé idà, lórí ba. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí Aláàfin Àtìbà sì kó ààfin wá sí Àgọ́ Ọjà tó di Ọ̀yọ́ tòní, tí àwọn tí ogun lé láti ọ̀dàn sì ń ya wọ Ògbómọ̀ṣọ́ láti sá sẹ́yìn odi rẹ̀, gbogbo wọn ti sún mọ́ ẹ̀bá igbó níbi tí ẹṣin kì í ti í pẹ́ kú. Ibẹ̀ ni ìbọn ti wá di dandan. Ẹ má sì gbàgbé pé Tóyèjẹ, Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ tó jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, jẹ́ olórí ogun tí àṣà kò fún ní ohun ìjà kankan lójú ogun ju ọ̀pá àṣẹ ọba lọ. Oyè ti dàgbà kí ìbọn tó dé, oyè kò sì yí ara rẹ̀ padà nítorí ìbọn.

Irú ìbọn wo ló ń dé? A nílò láti mọ èyí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni àríyànjiyàn mi dúró lé. Ìbọn olójú kan ni, gígùn, tí wọ́n ń ki láti ẹnu, tó ń fi akọ òkúta ṣáná sí ẹ̀tù. Àwọn ará Denmark tí wọ́n ní ilé odi ní etíkun Gánà lọ́jọ́un ló fún un ní orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pè é títí di òní, ṣùgbọ́n Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Ní Birmingham, kò sí alágbẹ̀dẹ kan tó ń jókòó síbì kan tó máa ń ṣe odindi ìbọn. Ẹnì kan ń rọ ọ̀pá rẹ̀. Ẹlòmíràn, nígbà mìíràn ní ìlú kékeré tó wà nítòsí, ń ṣe ẹ̀rọ ìṣáná rẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà ń gbẹ́ ìdí rẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn kò ju kí wọ́n gba gbogbo ẹ̀yà wọ̀nyí kí wọ́n sì tò wọ́n pọ̀. Ìbọn tí wọ́n ń tò fún Áfíríkà ni wọ́n sì máa ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú jù. Nínú ọ̀rúndún kejìdínlógún, Lord Shelburne, olóṣèlú Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú pé ó ju ìdajì nínú wọn tó máa fọ́ mọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ yìn wọ́n lọ́wọ́. Ó di 1813 kí òfin tó dá ilé àyẹ̀wò ìbọn sílẹ̀ ní Birmingham. Ìyẹn ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ènìyàn wa ló ń fi ọwọ́ àti ojú ara rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò náà.

Láàárín àwọn tó ń tà á ni Samuel Galton wà, ọmọ ìjọ Quaker, ìjọ tó kórìíra ogun. Ní 1795 àwọn ará ìjọ rẹ̀ pè é lẹ́jọ́ pé báwo ni Kristẹni ṣe ń fi ìbọn wá owó. Àwíjàre rẹ̀ ni pé òun kọ́ ló ń lo ìbọn, ẹni tó bá ṣe ohun èlò kì í ṣe ẹlẹ́bi ohun tí ẹlòmíràn fi ṣe, àti pé kò sẹ́ni tó ń jẹ tó ń mu ní Birmingham tí owó ìbọn kò kan. Ìjọ kò gbà; wọ́n yọ ọ́ kúrò láàárín wọn ní 1796. Mo mẹ́nu ba ọkùnrin yìí nítorí pé àwíjàre rẹ̀ ṣeé sọ níbi tó wà. Galton kò rí ẹni tó ra ìbọn rẹ̀ rí, òkun wà láàárín wọn. Alágbẹ̀dẹ Ọ̀yọ́ kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu, mo ń bọ̀ wá sórí ìdí rẹ̀.

Nígbà tí ìbọn aláìlágbára bẹ́ẹ̀ bá dé Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ọjọ́ díẹ̀ ni yóò lò kó tó wọ ilé arọ́. Àwọn tó sì ń dúró dè é níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì nínú ọ̀rọ̀ irin. Lẹ́bàá ìlú Ọ̀yọ́ ni abúlé kan wà tí òyìnbó C. V. Bellamy kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ola-Igbi, níbi tó ti rí àwọn ènìyàn tó ń yọ́ irin láti inú òkúta nínú iná ìléru. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde ní 1904 nínú ìwé àwọn onímọ̀ irin ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ rò ó wò: ní ọ̀rúndún ogún, lẹ́yìn tí irin òyìnbó ti kún ọjà, àwọn ará Ọ̀yọ́ ṣì ń mú irin jáde látinú ilẹ̀ tiwọn. Alágbẹ̀dẹ tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń rọ ọkọ́, àdá, ẹ̀ṣín àti orí ọfà, tó mọ ìgbà tí irin pọ́n tó àti ìgbà tó yẹ kó kàn án sómi, kò ní ohun tó lè bà á lẹ́rù nínú ẹ̀yà ìbọn tó kán. Àìsí ìbọn lọ́jà tún fi agbára kún iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú àti ti Ẹ̀gbá ni ìbọn àti ẹ̀tù ń gbà wọlé, àwọn tó ni ọ̀nà náà sì ń tì í nígbàkigbà tí ọ̀ràn ogun bá rú. Bí ọ̀nà bá tì, kò sí ìbọn tuntun, kò sí ẹ̀yà tuntun. Alágbẹ̀dẹ nìkan ló kù. Yóò tú ìbọn mẹ́ta tó ti bàjẹ́, yóò wo èyí tó ṣì dára lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi wọ́n ṣe ẹyọ kan tó ń ṣiṣẹ́. Báyìí ni ìbọn tó ní ìyá mẹ́ta ṣe ń jáde láti àgbẹ̀dẹ kan.

Ẹ wo ohun kékeré kan lára rẹ̀. Igi ìdí ìbọn ló máa ń kọ́kọ́ sán, nítorí òjò, nítorí oòrùn, nítorí pé ìbọn ń tì sẹ́yìn bó bá ti dún. Igi òyìnbó tó sán kò ní arọ́pò lọ́jà, nítorí náà gbẹ́nàgbẹ́nà á gbẹ́ òmíràn láti inú igi líle ilẹ̀ wa. Bí ó bá jẹ́ pé sísán náà kò pọ̀, aláwọ ni wọ́n máa ń gbé e lọ bá, àwọn aláwọ Ọ̀yọ́ sì nìyí, àwọn tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ mọ́ àpò, ìrọ̀rí àti gàárì. Aláwọ á mú awọ tútù, á fà á le, á wé e yí ibi tó sán ká, á sì rán an mọ́ra. Bí awọ náà bá ṣe ń gbẹ ló ń sún kì, títí tí yóò fi di igi mú bí ẹni pé kò sán rí. Ẹ wo ìbọn ọdẹ àtijọ́, ẹ ó rí awọ dúdú yìí lọ́rùn rẹ̀, tó ti dán nítorí ọwọ́ tó ti ń dì í mú láti ìran dé ìran. Òyìnbó tó ṣe ọ̀pá rẹ̀, alágbẹ̀dẹ tó ṣe irin tí ìka ń fà, gbẹ́nàgbẹ́nà, aláwọ: gbogbo wọn ló wà lára ìbọn kan ṣoṣo.

Àwọn kan yóò sọ pé èyí kì í ṣe kí ènìyàn ṣe ìbọn. Pé àtúnṣe lásán ni, àti pé àwọn alágbẹ̀dẹ wa kàn ń lẹ nǹkan tí wọn ò mọ̀ ọ́n dá sílẹ̀ ni. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá. Mi ò gbà. Bí títo ẹ̀yà tí ẹlòmíràn ṣe bá jẹ́ ohun tó ń sọ ènìyàn di aláìmọ̀ṣẹ́, a jẹ́ pé àwọn ará Birmingham náà kò mọṣẹ́, torí ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an nìyẹn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, láti ọdún 1866, kó ìbọn Enfield tí wọ́n ń ki láti ẹnu, ó ní kí wọ́n ṣí ìdí wọn, kí wọ́n fi ẹ̀yà tuntun kan sí i kó lè máa gba ọta láti ẹ̀yìn, ó sì pè é ní Snider. Àtúntò ni Snider jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, òun sì ni ìbọn tí àwọn ọmọ Èkìtì Parapọ̀ rí rà láti Èkó tó jẹ́ kí Ìbàdàn mọ̀ pé ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò ní í rí bí àwọn ogun ìṣáájú. Kò sẹ́ni tó pe àwọn òyìnbó tó ṣe Snider ní aláìmọ̀ṣẹ́. Ẹ sì wo Samory Touré, tó ń bá Faransé jà lápá òkè Guinea àti Ivory Coast ní ọdún 1890 síwájú: àwọn alágbẹ̀dẹ rẹ̀ wo ìbọn Kropatschek tí Faransé ń lò, wọ́n sì ṣe irú rẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ Awka ní ilẹ̀ Ìgbò náà di olókìkí nínú iṣẹ́ ìbọn ọdẹ. Ọwọ́ tó lè ṣe é wà káàkiri Áfíríkà. Ohun tó dá wa dúró kì í ṣe àìmọ̀.

Òfin ló dá wa dúró, èyí sì ni apá ìtàn náà tí àwa fúnra wa ti gbàgbé jù. Ní 1890 àwọn alágbára Yúróòpù fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Brussels. Wọ́n ní òwò ẹrú ni àwọn fẹ́ fòpin sí, apá kan ọ̀rọ̀ náà sì jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìwé kan náà, wọ́n fa ìlà sórí Áfíríkà láti ìwọ̀n 20 lápá àríwá dé ìwọ̀n 22 lápá gúúsù, wọ́n sì dènà ìbọn ìgbàlódé láti wọ àárín rẹ̀ fún àwọn ọmọ onílẹ̀. Èyí tí wọ́n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ni ìbọn olókùúta tí kò ní ìlà nínú ọ̀pá, pẹ̀lú ẹ̀tù lásán. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn náà, ní oṣù kọkànlá ọdún 1895, Captain Bower, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kó ọmọ ogun wá láti Ìbàdàn, ó sì fi ìbọn ńlá wó ìlú Ọ̀yọ́ lójú Aláàfin Adéyẹmí Kìíní. Ìlú tí òfin òyìnbó ti sọ pé ìbọn olókùúta ló tọ́ sí ni òyìnbó fi ìbọn ìgbàlódé bá jà. Bí àjèjì bá rí ọdẹ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ṣì ń ki ṣakabùlà láti ẹnu, tó sì rò pé ọpọlọ alágbẹ̀dẹ rẹ̀ ni kò gbé e kọjá ibẹ̀, ẹ sọ fún un pé ìwé Brussels ni kó lọ kà. Nígbà tí òfin ìbọn Nàìjíríà tí à ń lò títí di ìsinsìnyí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959, ó tẹ̀lé ìlà kan náà: ó ya ìbọn tí wọ́n ń ki láti ẹnu sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó kù, ó fi ìwé àṣẹ rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe rọ ìbọn tàbí kó tò ó pọ̀ láìgba àṣẹ.

Kí òfin 1959 tó dé, kí ló ń ṣọ́ ìbọn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́? Ibi tí mo ti ní mo ń padà bọ̀ nìyí. Alágbẹ̀dẹ kì í ta ìbọn fún ẹni tí kò mọ̀, kì í sì í ṣe nítorí pé ó mọ́ lọ́kàn ju ẹlòmíràn lọ. Ohun tó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni pé iṣẹ́ rẹ̀ kò parí lọ́jọ́ tó gbé ìbọn lé ọdẹ lọ́wọ́. Ìbọn yóò padà wá. Irin rẹ̀ yóò jẹ, igi rẹ̀ yóò sán, ọdẹ á sì tún gbé e wá sí ilé arọ́ kan náà, lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kan náà tàbí ọmọ rẹ̀. Ẹni tó ń rí ìbọn kan lọ́dọọdún mọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe. Ọdẹ náà kò dá wà. Ó wà lábẹ́ Olúọdẹ, ó ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, gbogbo ẹgbẹ́ ló sì mọ̀ bó bá fi ìbọn rẹ̀ halẹ̀ mọ́ ará ìlú. Lókè gbogbo rẹ̀ ni Ògún wà, tí alágbẹ̀dẹ àti ọdẹ jọ ń bọ. Ẹni tó bá fi ẹnu kan irin búra mọ̀ pé irin náà kò ní í gbàgbé, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kóòtù fi ń gba ìbúra irin lọ́wọ́ onísìn ìbílẹ̀ di òní. Ẹ fi èyí wé Galton. Ìbọn rẹ̀ jáde ní Birmingham, kò sì padà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́ láéláé. Àwíjàre pé ọwọ́ mi mọ́ rọrùn fún un. Alágbẹ̀dẹ tí ìbọn rẹ̀ pa ènìyàn ní àdúgbò rẹ̀ kò ní ibi tí yóò fi ojú sí.

Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ ti ní ìbéèrè kan lẹ́nu nísinsìnyí, ìbéèrè tó le ni, mi ò sì ní fo ó. Níbo ni olùṣọ́ yìí wà ní 1969? Ní ọdún náà, àwọn àgbẹ̀ tí owó orí ti ń ni lára dìde lábẹ́ orúkọ Àgbẹ́kọ̀yà, Tàfá Adéoyè ṣáájú wọn lápá Akanran nítòsí Ìbàdàn, ìbọn ọdẹ ló sì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ní oṣù keje, rògbòdìyàn náà dé Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì pa Ṣọ̀ún Ọlájídé Ọláyọ̀dé. Ọba ìlú tí ọdẹ tẹ̀dó kú sọ́wọ́ ará ìlú. Kò sí bí a ṣe lè fi ẹgbẹ́ ọdẹ tàbí Ògún bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀, ìwà ibi ni, ó sì dun ìlú náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tó fà á àti ohun tó parí rẹ̀. Kì í ṣe ìbọn ló bí Àgbẹ́kọ̀yà. Owó orí tí agbára àgbẹ̀ kò ká àti àwọn agbowó-orí tó ń fìyà jẹ wọ́n ló bí i. Ìjọba ológun Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Adéyínká Adébáyọ̀ rán ọlọ́pàá àti sójà, ìjà kò rọ̀. Nígbà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì sọ owó orí di £2, ni ilẹ̀ rọ̀. Ohun tí 1969 kọ́ mi ni pé ìmọ̀ tó wà láàárín alágbẹ̀dẹ àti ọdẹ lè dá olè dúró, ó lè dá oníjàgídíjàgan kan dúró, ṣùgbọ́n kò lè dá gbogbo ìlú tí inú ń bí dúró. Kò sí òfin tàbí àṣà kankan lórí ìbọn tó lè ṣe iṣẹ́ ìjọba tó dára.

Èyí tó kù ni ọ̀rọ̀ òde òní. Wọ́n á ní: àwọn alágbẹ̀dẹ tí ò ń yìn yìí kan náà ni wọ́n ń rọ ìbọn fún ajínigbé àti olè. Àwọn kan wà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀wọ̀n sì ni ibi tó tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí. Bí òfin bá ka gbogbo alágbẹ̀dẹ tó fọwọ́ kan ìbọn sí ọ̀daràn, tí ọ̀nà àtigba àṣẹ sì ṣòro, ẹni rere láàárín wọn á jáwọ́ nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tó kù ni ẹni tí kò bẹ̀rù, tó ń ṣe é lóru, tí kì í béèrè orúkọ oníbàárà rẹ̀, tí kò sì fẹ́ kí ìbọn náà padà wá sọ́dọ̀ òun láé. A ti sọ ọ́ di Galton. Ohun tó jọ èyí ń ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà lónìí, níbi tí irin kò ti wọ́n tí owó kò sì wọ́n. Òfin àpapọ̀ ibẹ̀ gba ènìyàn láyè láti ṣe ìbọn fún ìlò ara rẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ, ọ̀pọ̀ ọdẹ àti àwọn tó fẹ́ràn eré ìbọn yíyìn sì ń to ràífù nílé láti inú ẹ̀yà tí wọ́n rà. Iṣẹ́ ọwọ́ tó níyì ni fún wọn. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í di odindi ẹ̀yà ìbọn sínú páálí, wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá sanwó, láìsí nọ́ńbà lára rẹ̀, láìbéèrè ẹni tó jẹ́. Ọ̀daràn rí i, ó sì lò ó. Ìjọba ṣe ìlànà lórí rẹ̀ ní 2022, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 2025 sì ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ sọ pé ìlànà náà bófin mu: irú páálí bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ìbọn lójú òfin, ẹni tó ń tà á sì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń tà á fún. Ilé ẹjọ́ náà kò ní kí ọdẹ má to ràífù rẹ̀. Ojú tó ya ara wọn ló ní kí wọ́n tún pàdé.

Àwa náà ti fọwọ́ sí ohun tó jọ ọ́. Àdéhùn ECOWAS lórí ohun ìjà kéékèèké, tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní Àbújá ní 2006, ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan máa mójú tó àwọn tó ń ṣe ìbọn ní ìlànà ìbílẹ̀. Láti 1964 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní ilé iṣẹ́ ohun ìjà tirẹ̀ ní Kàdúná, òfin tuntun ọdún 2023 sì ti ṣí ilẹ̀kùn iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún aládàáni. Láti 2020 tí ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ti dé, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ń gba ọdẹ síṣẹ́ pẹ̀lú ìdùnnú, ó ń fi wọ́n sọ́nà, ó ń yìn wọ́n. Ó gba ọdẹ, ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ tó ń tún ìbọn ọdẹ náà ṣe ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo ń rọ àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àwọn aṣojú wa ní Àbújá, Aláàfin àti Ṣọ̀ún, kí wọ́n jókòó pẹ̀lú ọlọ́pàá, àwọn Olúọdẹ àti àwọn ìdílé alágbẹ̀dẹ. Kí wọ́n kọ orúkọ alágbẹ̀dẹ tó ń tún ìbọn ọdẹ ṣe sílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, kí nọ́ńbà wà lára ìbọn kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, kí Olúọdẹ jẹ́ ẹlẹ́rìí sí ẹni tó ni ín, kí ọlọ́pàá sì mọ ilé arọ́ tó lè lọ béèrè. Kí ìyà tó le wà fún ẹni tó bá ṣe é láìforúkọsílẹ̀. Iṣẹ́ tí ilé arọ́ ti ń ṣe kí òfin 1959 tó dé ni. Ohun tó kù ni kí ìjọba fọwọ́ sí i.